Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ọ̀kadà gbé mi láti Ọ̀rọ̀ dé Èsìẹ́,
fọ́ọ̀mù igba lé mẹ́wàá nínú báàgì lórí itan mi,
pẹ́ńsùlù, rọ́bà mẹ́rin tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́,
àti lẹ́tà kan tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣí.
Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò gùn lẹ́nu:
lọ wò ó bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́.

Ọdún mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀.
Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn agogo ìparí,
Tísà Jẹmílá a ṣí kíláàsì ẹ̀gbẹ́ igi kaṣú,
wọn a ránṣọ, wọn a jiyàn, wọn a bomi rin ilá,
wọn a sì sọ̀rọ̀ ara,
èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá kò lè sọ láìwo ilẹ̀.

Mo ṣí ìwé orúkọ.
Ọdún tó ṣáájú ètò, ọmọbìnrin mẹ́fà lóyún.
Ọdún tó kọjá, méjì.
Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà.
Mo kọ ọ́.
Àmọ́ mo rí orúkọ kan, Múnírá Àyìnlá,
tí wọ́n fi bírò pupa fa ìlà gba àárín rẹ̀,
wọ́n kọ "ó ti kó lọ" sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Kó lọ síbo? Ọ̀gá ń wo fèrèsé.
Akọ̀wé ló wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà:
Ìlọrin ni, Òkè-Súnà, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀.
"Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí."
Mo mọ̀. Ẹni tó bá ti kúrò nínú ìwé
kì í lóyún nínú ìwé.

Mo ti kọ́kọ́ dé ilé-ìwé kan ní Ọ̀rọ̀
tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kò dé rí,
kí a lè gbé méjèèjì lé ara wọn bí bàtà.
Níbẹ̀ náà, márùn-ún ti di mẹ́ta.
Ta ló ṣe ìyẹn? Nọ́ọ̀sì tuntun?
Àbí ìwé tiwọn náà ní bírò pupa?
Ìṣirò kò dá mi lóhùn.

Nígbà tí àwọn ọmọ ń jẹun, mo lọ wo àwọn ère òkúta.
Wọ́n ju ẹgbẹ̀rún lọ, wọ́n ti kà wọ́n tán.
Ọ̀kan jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún,
kò lórí.
Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní tirẹ̀.

Ìbéèrè kẹtàdínlógún: Kí ni ètò yìí ṣe fún ọ?
Ìlà kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn.
Ọ̀pọ̀ kọ "ó dára." Ẹnìkan kọ "ilá."
Gbóyèga kọ pé òun ti wá mọ̀
pé "mi ò fẹ́" kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.
Ọ̀rọ̀ Ráábì kún ìlà, ó yí sẹ́yìn ìwé:

"Aago méjì la máa ń jáde.
Aago mẹ́fà ni ìyá mi ń ti oko dé.
Láàárín ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó mọ ibi tí mo wà
àfi bọ̀dá tó ń ṣájì fóònù.
Ó máa ń fún mi ní bisikíìtì.
Tó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, n kì í débẹ̀.
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè máa ṣe é ní Mọ́ńdè náà?"

Kò sí àpótí tí mo lè kó èyí sí.
Nínú ìjábọ̀, mo kọ "kò tíì dájú,"
òótọ́ sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀
pé owó kì í pẹ́ lọ́dọ̀ ohun tí kò dájú.
Lẹ́yìn náà mo mú pẹ́ńsùlù,
mo yọ ọ̀kan kúrò nínú márùn-ún.
Mẹ́rin ló kù.
N kò pa á rẹ́.

Lójú ọ̀nà, ọlọ́kadà bi mí,
"Kí lẹ tiẹ̀ wá kà ní Èsìẹ́?"
Mo ní, "Ọ̀sán."
Atẹ́gùn gbé e, ó gbọ́ ọ sí ọsàn,
ó ní ti ọdún yìí kò tíì pọ́n.