Iná Funfun ní Òkè Ẹfọ̀n

Iná àtijọ́ tó wà lójú Kòrólà mi,
ó pọ́n bí ojú ẹni tí wọ́n jí láàárín òru;
gíláàsì rẹ̀ ti ṣú bí omi gààrí àná.
Bí mo bá ń ti ọsibítù Àrámọ̀kọ bọ̀ lálẹ́,
tí mo ń gun òkè lọ sílé l'Ẹ́fọ̀n,
ìwọ̀n ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń rí níwájú.
Ewúrẹ́ kejì, àdúrà ni.

Ni mo bá gbé e tọ Bámitálẹ̀ ríwáyà lọ,
lẹ́yìn ilé epo tí kò ta epo mọ́.
Ó rọra tú páálí kékeré kan bí ẹni ń tú ọmọ tuntun:
"Nọ́ọ̀sì, sẹ́nọ́ọ̀nù rèé.
Ùmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ùmọ́lẹ̀."
Bálásítì méjì, wọ́n wúwo bí ọṣẹ ìfọṣọ;
gílóòbù méjì tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ lásán kàn,
nítorí òróró ara èèyàn, ó ní, a máa pa gíláàsì.
Ó wọ ìbọ̀wọ́ kó tó gbé wọn.
Èmi tí mo ń fi ìbọ̀wọ́ gbẹ̀bí, mo gbà á gbọ́.
Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà.
Owó táyà ni. Mo san án.

Ó tẹ̀ ẹ́.
Ògiri ilé epo funfun báláú.
Àwọn ọmọ tó ń ta ẹ̀pà fọwọ́ bojú, wọ́n hó yèè;
aláǹgbá kan sá jáde,
ó rò pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jayé.
Gbogbo ihò ojú títì ló ń jẹ́wọ́ fún mi.
Lọ́jọ́ karùn-ún, òkè Ẹfọ̀n da kùrukùru bora.
Mo tan iná; kùrukùru gbà á,
ó dá a padà sí mi lójú
bí aládùúgbò tó kọ ọbẹ̀ tí o bù fún un.
Ògiri òwú ni mo ń wakọ̀ lọ bá.
Iná pupa rúsúrúsú tí mo tú dànù,
òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀, kó rọra gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní kọ́nà kejì, nǹkan kan yẹ̀, ó ró gbàù.
Ọ̀kadà ni. Ẹni tó gùn ún jókòó sínú gọ́tà,
àpò ìwé lórí itan, bàtà kan lẹ́sẹ̀:
Tíṣà Fásùyì, tó kọ́ mi ní ìṣirò.
Mo tẹ egungun rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.
Kò sí èyí tó ṣẹ́. Orúnkún ló bó.
Ó ń ṣẹ́jú, ó ń wo ibi tí mi ò sí.
"Ta nìyẹn? Mo ń gbọ́ ohùn, mi ò tíì rí èèyàn."
Sà, èmi ni. Ìbíyẹmí.
Ó dákẹ́.
"Ìbíyẹmí tó máa ń kọ ìdáhùn láìfi iṣẹ́ hàn.
Ìdáhùn tìẹ náà mọ́lẹ̀ jù."

Lọ́jọ́ kejì, Bámitálẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri,
ó fi sukurudíráfà tẹ orí iná ba.
Síbẹ̀ ó ń fọ́n kọjá ìlà.
"Ilé gílóòbù àtijọ́ ni a fi àlejò yìí wọ̀," ó ní,
"kò mọ ibi tó yẹ kó wò."
Mo ní kó tú u.
Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó dá ọmọ padà sínú ìyá rẹ̀.

A fi ọṣẹ ìfọyín fọ gíláàsì náà títí ó fi là;
gílóòbù pupa tuntun, ẹgbẹ̀rún méjì péré.
Ewúrẹ́ mẹ́ta ni mo ń rí báyìí.
Sẹ́nọ́ọ̀nù wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.
Mi ò lè tà á, mi ò lè fi tọrẹ.

Lánàá, mo pàdé ọ̀kadà kan ní kọ́nà kejì.
Mo dín iná kù.
Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, fèrè kúkúrú,
bí máàkì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò.