Lẹ́tà Kékeré Lẹ́yìn Àwo

Ẹ yí páálí àwo náà sẹ́yìn.
Ẹ fi àwọn olórin tó ń yọ eyín sílẹ̀,
ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti rí bí ẹyin eèrà:
Orest Hrynchuk, gìtá. Òun náà ló darí iṣẹ́.
Àwo mẹ́rin bẹ́ẹ̀, tí ẹni tí a kò tíì bí nígbà náà ṣì ń rà.

Èmi ni mo ń yí téèpù fún un ní Hamilton,
nílé ìránbàtà àtijọ́ kan lẹ́bàá òpópónà Barton,
tí èéfín ilé iṣẹ́ irin ń ti etí adágún wọlé wá bá wa
títí máìkì fi ń rùn bíi kọ́bọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan àwọn ọmọkùnrin márùn-ún dé,
irun wọn gùn, orin wọn gùn ju irun lọ.
Wọ́n di gìtá mọ́ gìtá bí ẹrù ẹni tí onílé lé jáde.
Orest gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní,
"Ta ló kú nínú orin yìí?"
Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.
Lorne tó ń kọrin wo bàtà rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi. Nídìí iná irin."

Ó bá dìde. Ó yọ gìtá mẹ́ta, ó yọ dùùrù,
ó ní kí onílù fi pọ́ọ̀sì rẹ̀ tẹ awọ ìlù mọ́lẹ̀,
ó mú Lorne lọ sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé nínú òtútù Èrèlé,
kí ohùn ọmọ náà lè gbọ̀n láìsí ẹ̀tàn.
Mo ní, lédè ilé wa, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.
Ó ní kí n kọ ọ́ sára ògiri.
Ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi wó ilé náà.

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ló fi sí i?
Okùn kan. Ó fà á bí ẹni ń fa omi nínú kànga ẹ̀ẹ̀rùn,
ó jẹ́ kó ró tán, ó wá gbé ọwọ́ kúrò.
Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, kò sí nǹkan kan.
Àwọn olówó pè láti Toronto: "Ṣé téèpù yín já ni?"
Mo ní rárá o. Ẹ jẹ́ kó mí.

Ó ti lọ báyìí; etí òsì rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ tipẹ́.
Lánàá, ọmọ mi ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé ìwòsàn,
orin àwọn ọmọdé kan ń lọ nínú fóònù rẹ̀,
àfi bí okùn kan ṣoṣo ṣe ké,
tí gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́ jẹ́ẹ́.
Mo ní, "Ta ló kọ́ wọn nìyẹn?"
Ó ní, "Dádì, bí orin ṣe máa ń rí nìyẹn."

N kò jiyàn. Ìka mi ti ń kà á lórí orúnkún:
mẹ́fà, méje, mẹ́jọ…
ìlù ti wọlé.
Sùúrù wọn kò tíì dé mọ́kànlá.