Ẹ̀rọ Ìfági

Mo há pákó apá kan mọ́ abíyá,
èyí tí mo tú lára bẹ́ẹ̀dì bàbá mi,
mo lọ bá Lámídì ní Òyìngbò.
Ẹ̀rọ mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn.
"Ẹ gbé ńlá yìí. Ó lágbára."
Agbára kọ́ ni mo bá wá, Lámídì.
Jẹnẹrétọ̀ mi ní Ṣómólú, bí firíìjì bá tan, a máa wúkọ́,
ọmọ onílé sì ń sùn lẹ́yìn ògiri.

Mo ti pákó bọ ẹnu ńlá: ó bù ú jẹ nípẹ̀kun.
Mo ti i bọ ẹnu kékeré.
Ó ń kùn, kò yára.
Mo fi àtàǹpàkò tọ ojú igi dópin:
kò sí gegele.
Lábẹ́ èérí ogójì ọdún, pupa apá yọ.

"Ẹ ò ní ná an ni?"
Mo ti gbàgbé.
Òórùn igi náà tutù bí ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á.