Wágọ̀nù Mélòó Lónìí?

Wọ́n á kí mi láàárọ̀: "Ṣé ara le?"
Ara le.
Ó le bí àpáta tó lúgọ sẹ́yìn ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́,
ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá le, ọrùn ọwọ́ le,
bọ́tìnnì kan ṣoṣo ń bá mi jà títí oòrùn fi yọ.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kí èèyàn kì í dúró gbọ́ èsì.
"A dúpẹ́," ni mo wí, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọdún kẹsàn-án rèé.
Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á.
Ọkùnrin kan ní Párákú ta òróró pupa fún mi,
ó ní ọjọ́ méje péré;
owó ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló bá òróró náà lọ.
Ọkọ mi, kì í ṣe èèyàn burúkú,
ó wo ọwọ́ mi, kò rí egbò, kò rí ẹ̀jẹ̀,
ó ní, "Bóyá o máa ń rò ó jù ni."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nílé ìwòsàn,
bàbá kan jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì,
Wọ̀rú, tó ṣiṣẹ́ réluwé nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń kọjá.
Orúnkún rẹ̀ méjèèjì wú bí àgbọn.
Kò ní "pẹ̀lẹ́". Kò ní "Ọlọ́run á ṣe é".
Ó ní, "Wágọ̀nù mélòó lò ń fà lónìí?"
Mo rò ó. Mo kà á. "Mẹ́rìnlá."
"Háà. Tèmi, mọ́kànlá."
Ó sún díẹ̀ kí n lè na ẹsẹ̀.
N ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Nọ́ọ̀sì Ṣẹ̀fíyátù kò purọ́ fún mi:
"Kò ní lọ tán. Ṣùgbọ́n kò ní máa pàṣẹ nínú ilé rẹ mọ́."
Oògùn wà, lẹ́yìn oúnjẹ.
Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà, kí ilẹ̀ tó mọ́,
ọwọ́ méjèèjì nínú abọ́, bí ẹni ń rẹ ẹ̀wà.

Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí n kò lè mú abẹ́rẹ́.
Àbọ̀sẹ̀dé, ọmọṣẹ́ mi, á ti fi òwú sí i kí n tó dé,
á fa àlùmọ́gàjí sọ́dọ̀ ara rẹ̀,
á máa gé aṣọ lọ, kò ní wojú mi.

Lánàá, ọkọ mi kúnlẹ̀, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi.
Ó kọ́kọ́ wúkọ́.
"Wágọ̀nù... mélòó?"
"Mẹ́fà. Àmọ́ wọ́n kún."
Ó dákẹ́.
Ó tú bọ́tìnnì tó ti dè sódì,
ó tún un dè.