Ibi Tí Ìlà Náà Dúró Sí

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì
ni mo ra egungun kẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́ opó kan ní Firminy,
ogójì yúrò, pẹ̀lú páálí kan tó kún fún nọ́ọ̀tì.
Ó ní ọkọ òun ló ń gùn ún lọ sí kòtò èédú,
ó ní irin ayé ìgbà náà kì í kú.
Mo gbà á gbọ́. Òtútù ń mú mi, mo fẹ́ tètè délé.

Gbogbo oṣù kìíní ni mo fi lálàá rẹ̀ nínú gárééjì:
ọ̀dà tútù bí ìgò wáìnì,
ìjókòó aláwọ tí ìdí ẹlòmíràn ti bá mi tẹ̀ rọ̀,
rímù tí mo fọwọ́ ara mi so wáyà rẹ̀, mẹ́rìndínlógójì,
aago tó ń dún bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.
Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ni mo kó jọ láti fi bí ẹyọ kan.

Ọjọ́ tí mo fi kẹ́míkà bó ọ̀dà àtijọ́,
pupa lábẹ́ dúdú, funfun lábẹ́ pupa,
lábẹ́ funfun, ohun kan bí amọ̀ gbígbẹ.
Mo fi èékánná họ ọ́. Ó ṣí.
Níbi tí òpó ìjókòó ti wọnú ìdí pẹ́dàlì,
ìlà kan wà níbẹ̀, tín-ín-rín,
bí irun orí tó já sínú àwo ọbẹ̀.
Mo fi ṣíbí lu irin náà lókè: ó dún gooro.
Mo lù ú nísàlẹ̀: ohùn rẹ̀ ti ha.
Ẹni tó bá ti fetí lé àyà aláìsàn fún ọgbọ̀n ọdún
kò wá ògbufọ̀ fún irú èyí.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Ní Saint-Étienne, yìnyín ti lé aláǹgbá lọ;
ìpẹtà ló ń wọlé.

Inú bí mi sí òkú ọkùnrin tí n ò mọ̀ rí.
Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó fi amọ̀ dí i, ó kùn ún,
ó ń gun ohun tó ti sán lọ síbi iṣẹ́
lójoojúmọ́, ó ń súfèé.
Nígbà tó yá, mo jókòó lórí àpótí.
Mo rántí Aubin àbúrò mi,
kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá wa, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìsìnkú,
àti káàdì ọdún tuntun tí mo ń fi ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún,
tó ń dán, tí ò sọ nǹkan kan.
Mo dìde, mo lọ po kọfí.

Régis Montagnier, tó fi ogójì ọdún jó irin
nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti wó báyìí,
yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi imú kan irin náà tán.
"Jù ú nù," ló kọ́kọ́ wí.
Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ìgbà wo lo fẹ́ ẹ?"

Kò dáná. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu.
Ó wá ibi tí ìlà náà parí sí,
ibi gan-an tí irin tó kú ti fara kan irin tó yè,
ó sì lu ihò róbótó síbẹ̀, kékeré bí ojú èèrà.
"O tún ń dá a lu ni?"
Ó ní ìlà a máa sáré nítorí pé ẹnu rẹ̀ mú;
bó bá já sínú ihò, ẹnu ọ̀hún di róbótó,
ẹnu róbótó kì í gé nǹkan.
Mi ò fèsì.

Ìgbà náà ni iná tó dé.
Idẹ yọ́, ó ń wá ọ̀nà fúnra rẹ̀ bí oyin lórí búrẹ́dì gbígbóná.
Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án.
Àpá rẹ̀ wà níka mi di òní.

Mo kun gbogbo kẹ̀kẹ́ náà tán,
mo yọ ibẹ̀ sílẹ̀, idẹ gbalasa, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò.
Ó ń dún kín-ín-kín-ín níbì kan; Régis ní ìjókòó ni.
Mo ti kọ nọ́ńbà Aubin sára páálí nọ́ọ̀tì.
Òkè Rochetaillée ga. Mo dé ìdajì,
mo sọ̀kalẹ̀, mo ń tì í lọ.