Èyí Tí Oòrùn Kò Tètè Fọ́

Ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú Akíndúró
mo kó oògùn rẹ̀ nílẹ̀, páálí mẹ́ta àti ààbọ̀,
mo dúró lórí afárá Alá,
mo ń tú u sómi bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fádìẹ.
N kò fẹ́ rí i nínú ilé mọ́.
Omi gbé e lọ lóòótọ́.
Ibi tó gbé e lọ ni n kò bi í.

Iṣẹ́ mi ni kí n gbá yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì,
kí n fọ ìgò, kí n da ìdọ̀tí nù.
Ibẹ̀ ni mo ti mọ Morónmúbọ̀, ọmọ Ìdànrè,
tí ń fi kẹ́ẹ̀gì bu omi Alá wá láàárọ̀ kùtù
tí ń gbé e sábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ àlùkò.
"Bọ̀dá, ohun tí a gbé mì kì í tán nínú wa.
A ó tọ̀ ọ́ dànù. Ṣaláńgá á fà á fún kànga,
òjò á gbá èyí tó kù lọ sódò."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.
Ó ní ìdajì Àkúrẹ́ ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí:
ẹ̀fọ́rí Ìjọ̀kà, ibà Òkè-Àró,
ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó fẹ̀yìntì sí Ìjàpọ̀.

Mo ní, oòrùn ńkọ́?
Ó ní oòrùn ń ṣe tirẹ̀.
Oògùn á gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù fún un, á já.
"Oògùn oríkèé tí bàbá yín ń lò,
òun gan-an kò ní oríkèé tó le.
Ọ̀sán gangan kan, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́.
Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀.
Àfọ́kù a máa gé ni lẹ́sẹ̀ ju odindi àwo lọ.
Bí òjò bá sì pọ́n omi, ìmọ́lẹ̀ kì í dé ìsàlẹ̀.
Òru náà sì wà."

Mo fọ ìgò kan lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè bi í:
ti wárápá ńkọ́?
"Ìyẹn? Alágídí ni.
Oòrùn á bá a níbẹ̀ lónìí, á bá a níbẹ̀ lọ́la."

Mo jókòó sórí korobá mi.

Àbúrò mi tí a kì í fi sílẹ̀ nídìí iná,
tí a kì í jẹ́ kó dá lọ sódò,
òun ló wá ń bẹ lódò,
mílígíráàmù igba, àárọ̀ àti alẹ́.
A ní kó dúró, kò dúró.
Oògùn rẹ̀ ló dúró.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó bu lẹ́búlẹ́bú funfun sómi,
ó dà bí àtíkè ọmọ tuntun.
Ó ní èyí ni yóò bá ìmọ́lẹ̀ di apá kejì alágídí mú.
Kò pé wákàtí kan, iná ọba lọ.
Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀.
A gbé àwo omi náà síta, sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn táǹkì,
ó ní kí n máa lé alángbá.

Omi náà kò pa àwọ̀ dà. Kò hó. Kò rùn.
Mo tẹjú mọ́ ọn títí ọrùn fi ń ro mí.
"Bọ̀dá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ díẹ̀.
Òjìji yín ló bo omi."

Mo yẹ̀.