Ojú Iná Tó Ń Kọ Òòfà

Ní yàrá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kàbà,
níbi tí ọyẹ́ ti ń gba ihò fèrèsé wọlé,
Tíṣà Ọbájẹmu gbé ìgò kan sórí tábìlì.
Láti àárọ̀ ló ti ń fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀,
ó fà á, ó fà á,
títí ohun tí kòkòrò lè mí kò fi ṣẹ́kù.
Ọ̀pá bàbà méjì kọjú síra nínú òfìfo náà
bí àna méjì tí kò tíì kíra.

Wáyà wá láti ṣọ́ọ̀bù Ṣẹ̀gilọlá wẹ́dà,
ó gba abẹ́ igi kaṣú.
Òun náà ló yá wa ní dígí dúdú,
ẹyọ kan fún ọmọ mẹ́tàlélógún.
“Ẹ má wo iná lójú lásán,” ni tíṣà wí,
“iná kì í mọ ọmọ olóore.”

Mo gba dígí lọ́wọ́ Olúmorótì, mo wò.
Ojú kan là lára bàbà,
kò tó orí abẹ́rẹ́, ó funfun ju ọ̀sán lọ,
ó ń sá kiri bí èèrà tí omi gbígbóná kàn.

Mo ní ó ń rìn. Tíṣà ní rárá.
Ojú kan a là, a jó bàbà dihò, a kú;
kí oru rẹ̀ tó tán, òmíràn a là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ohun tí o pè ní ìrìn,
ìsìnkú àti ìkómọ ni, tí wọ́n jọ ń gba ọ̀nà kan.
Mi ò gbọ́ èyí tó sọ tẹ̀ lé e.
Agbo ilé wa ní Ìyàrá ni mo ń rò.

Ó wá mú òòfà jáde,
èyí tó yọ lára gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì
tó ti yadi láti ọdún mẹ́ta.
“Bọ́látitó, apá ibo ni yóò tì í sí?”
Mo na ìka mẹ́ta bí ìwé ti wí:
ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún òòfà, ọ̀kan fún ipá.
Ọ̀tún ni, mo ní. Apá fèrèsé.
Ó gbé òòfà sún mọ́ ìgò.
Ojú iná gba òsì lọ.

Ó yí òòfà padà.
Ó gba ọ̀tún.
Bí òòfà ṣe ń sún mọ́ ọn ni eré rẹ̀ ń le sí i,
ihò wẹ́wẹ́ tò sára bàbà bí ojú abẹ́rẹ́ aránṣọ,
ó ń lọ bá ọwọ́ tó ń tì í.

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.
“Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ti ń jiyàn lé e lórí
kí wọ́n tó bí bàbá mi.
Èmi ò mọ̀.”
Mi ò gbọ́ kí tíṣà sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo jáde ìwé, gbogbo ẹbí tì mí sí Àbújá.
Ìyá mi fúnra rẹ̀ ru àpótí mi dé ibùdókọ̀.
Ẹ wá wo ibi tí mo wà:
yàrá ẹ̀yìn, ọyẹ́, ìgò,
dígí dúdú kan fún ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Okun o, ẹ wọlé.
Ẹ má wo iná lójú lásán.